Iyán ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì: Òwe gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn Oúnjẹ

Ìfáárà

Ní Ìjerò, Aràmọkọ, Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, iyán kì í ṣe oúnjẹ lásán. Òun ni a fi ń ṣe àlejò, òun ni a ń gún níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà, òun náà sì ni ọmọ tó ti ìdálẹ̀ dé máa ń retí, pẹ̀lú ọbẹ̀ ìsápá tàbí ẹ̀fọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé gbogbo oúnjẹ tí a ń pè ní ti ìbílẹ̀ ló ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìtàn kò fara mọ́ èrò yìí tán. Òwe kan tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ lè ràn wá lọ́wọ́ láti ya èyí tó pẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó dé lẹ́yìn.

Ohun tí òwe náà fi hàn

Àwọn àgbà ní: "Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Inú iṣu ni oúnjẹ méjì àkọ́kọ́ ti jáde. Iṣu tútù ni a ń sè, tí a ń fi odó àti ọmọ odó gún, tí a sì ń jẹ ní gbígbóná. Ọkà tí òwe yìí ń sọ ni àmàlà, èyí tí a ń fi èlùbọ́ rò. Nítorí pé a ti bọ iṣu rẹ̀, tí a ti sá a gbẹ, èlùbọ́ lè pẹ́ nílẹ̀ títí di ìgbà tí iṣu tútù bá wọ́n, kí iṣu tuntun tó jáde. Iṣu ló ń bọ́ ilé nígbà ọ̀pọ̀ àti nígbà ọ̀wọ́n.

Èyí kò yani lẹ́nu. Ìwádìí lórí àbùdá iṣu tí a gbé jáde ní ọdún 2019 tọ́ka sí agbègbè Odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti kọ́kọ́ sọ iṣu funfun inú igbó di ohun ọ̀gbìn. Ewùrà ní tirẹ̀ wá láti ilẹ̀ Éṣíà.

Àgbàdo yàtọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún. A lè fi ọkà bàbà ṣe ẹ̀kọ ṣáájú ìgbà náà, nítorí náà ẹ̀kọ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n àgbàdo ni gúgúrú. Òwe náà, bí a ti ń pa á lónìí, kò lè ṣáájú dídé àgbàdo.

Ẹ̀gẹ́ kò sí nínú òwe náà rárá. Láti Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni gààrí tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn Àgùdà tó padà bọ̀ láti Bùràsíìlì. Ẹ̀bà tó wọ́pọ̀ lónìí jẹ́ àbúrò pátápátá.

Àgbálọgbábọ̀

Kì í ṣe adùn nìkan ló sọ iyán di oúnjẹ tí ń fọkàn ọmọ Èkìtì balẹ̀. Iṣu ti pẹ́ pẹ̀lú àwọn baba ńlá rẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi òwe yìí kọ́ni gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n èdè nìkan ti fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ kí gààrí tó gbilẹ̀, nígbà tí àwọn tó lè dáhùn ṣì wà láyé.