Lẹ́tà Ọmọ Aránbàtà

Àbúrò mi kan, tí wọ́n bí sí Texas, pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó fẹ́ wọ West Point, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n aṣòfin àgbègbè wọn ò mú orúkọ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ní máàkì, mo ń sáré, mo ń ṣe gbogbo ẹ̀. Kí ló kù tí mo máa ṣe tí wọ́n á fi rí mi?”

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mi ò mọ nǹkan kan nípa ológun. Àmọ́ mo mọ bí èèyàn ṣe ń wá nǹkan. Mo wá a títí, ọdún 1873 ni mo bá ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun kan. Máàkì nìkan ò lè gbé èèyàn wọ West Point. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ sílẹ̀, aṣòfin ló sì sábà máa ń jẹ́. Láti 1843 ni òfin ti pín àyè ibẹ̀ fún àwọn àgbègbè ìdìbò. Lónìí, aṣòfin kan ò lè ní ju akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún lọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá ro iye ọmọ tó ń du àyè kan ṣoṣo.

Inú oko ẹrú ni wọ́n bí Henry Flipper sí ní Georgia, lọ́dún 1856. Aránbàtà ni bàbá rẹ̀. Ogun abẹ́lé parí, ẹrú di òmìnira, Flipper wọ Atlanta University. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ pé àyè kan máa ṣí lágbègbè James Freeman, aṣòfin tuntun. Òyìnbó ni Freeman, kò mọ Flipper rí. Flipper kò rán ẹnikẹ́ni sí i. Ó mú kálámù, ó kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀.

Freeman fèsì pé òun ò mọ̀ ọ́n, pé òun fẹ́ mọ ìwà àti òye rẹ̀ ná. Flipper ò bínú. Ó jẹ́ kí wọ́n wádìí òun, ó ṣe ìdánwò tí wọ́n gbé kalẹ̀, ó yege. Freeman fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ní 1877, Flipper di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó parí ẹ̀kọ́ ní West Point. Ipò 50 ló wà nínú àwọn 76. Kì í ṣe òun ló mọ̀wé jù, àmọ́ ó parí ẹ̀.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mí nìyí. Aláwọ̀ dúdú méjì péré ló tún parí níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní 1887 àti 1889. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọdún 47 kí òmíràn tó parí. Ṣé ọmọ tó ní làákàyè ló tán ni? Rárá o! Wọ́n ti gba ìbò lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù. Láti 1901 sí 1929, kò sí aláwọ̀ dúdú kankan láàárín àwọn aṣòfin Washington. Ta ló fẹ́ kọ lẹ́tà sí? Ta ló máa ṣí i kà?

Nígbà tí Oscar De Priest wọlé láti Chicago, ó wá ọmọ tó máa yàn. Benjamin Davis kékeré ló mú, ọmọ ọ̀gá ológun kan, tó ń kàwé ní Chicago nígbà náà. Davis ṣe ìdánwò àbáwọlé, ó fìdí rẹmi. Bẹ́ẹ̀ ni, ó fìdí rẹmi! Ó padà lọ kàwé, ó tún un ṣe, ó sì wọlé ní 1932. Fún ọdún mẹ́rin, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ àfi tó bá kan iṣẹ́. Òun nìkan ló ń dá gbé yàrá. Ní 1936 ó parí, ipò 35 nínú àwọn 276. Ní 1954 ó di ọ̀gágun, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà.

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ni apá kan. Ẹni tó máa wò ó ni èkejì. Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ àṣekára nìkan ló tó, kó lọ ka ọdún 47 yẹn.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún àbúrò mi. Mo ní kó fi àròkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ló kún inú ẹ̀: aṣíwájú, akíkanjú, ìfẹ́ orílẹ̀-èdè. Kò sí èyí tí èèyàn lè wádìí níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe ní Sátidé. Ó ní òun ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ rárá! Ó ní òun rò pé nǹkan kékeré ni.

Ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì gbà á láyè. Ó ti tún un kọ, ó sì ti fi ránṣẹ́. À ń retí èsì.