Olókun, Atlantis àti Ilé-Ifẹ̀

Nínú gbogbo ìtàn tí àwọn Gíríìkì ìgbàanì fi sílẹ̀, bóyá ni a fi rí èyí tí ó da àwọn amòye láàmú tó ti Atlantis, ìlú ọlọ́lá tí Plato ní òkun gbé mì ní ọdún 9000 ṣáájú ayé Solon, aṣòfin Gíríìkì kan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá a kiri, tí àwọn kan ń tọ́ka sí erékùṣù yìí, tí àwọn mìíràn ń tọ́ka sí etíkun tọ̀hún, títí ó fi di ọdún 1910, tí ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius fi wọ Ilé-Ifẹ̀, Ifẹ̀ Oòdáyé, níbi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, tí ó sì fi igbe ta pé òun ti rí i.

Ó kúkú rí nǹkan. Ó rí àwọn orí amọ̀ tí a mọ bí ẹni pé èémí ṣì wà ní ihò imú wọn. Ó rí orí idẹ aládé tí wọ́n ń pè ní orí Olókun, èyí tí àwọn aláwo máa ń wú jáde lákòókò ọdún, tí wọ́n á bọ ọ́ tán, tí wọ́n á sì tún bò ó mọ́lẹ̀. Ó rí àfọ́kù ìkòkò tí dígí aláwọ̀ aró yọ́ lẹ̀ mọ́ nínú Igbó Olókun, níbi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń wa ìlẹ̀kẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n àjèjì lójú, kò fi ríran. Dípò kí ó béèrè ta ni baba ńlá àwọn tí ń gbẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ńṣe ni ó sọ Olókun di Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì, ó sì ní àwọn àtọ̀húnrìnwá kan tí wọ́n gba ojú òkun wá ni ó fi ọgbọ́n náà sílẹ̀ kí wọ́n tó parẹ́.

Ó san owó díẹ̀, ó fẹ́ gbé orí idẹ náà lọ. Àwọn Ifẹ̀ fi ẹjọ́ sùn, Partridge, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó gbọ́ ọ, orí idẹ sì padà sílé. Ṣùgbọ́n àwọn orí amọ̀ kan bá a dé Berlin. (Ẹ gbà mí láyè kí n rẹ́rìn-ín: ẹni tí ń wá ìlú tí ó sọnù ni ó fẹ́ kó ẹrù ìlú tí kò sọnù lọ.)

Ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, létí ààfin, fi ọkọ́ kan orí idẹ, wọ́n sì wú u tí ó lé ní mẹ́wàá. Iṣẹ́ nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa ni wọ́n, kò dé ìtòsí ayé Atlantis rárá. Ní ti dígí, awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá gbẹ́ Igbó Olókun ní ọdún 2011 àti 2012, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ, àyẹ̀wò sì fi hàn pé èròjà inú wọn kò bá ti Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá dọ́gba: ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti sè é, nínú erùpẹ̀ àti òkúta ilẹ̀ yìí.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bí ilẹ̀ wa ti rí nígbà tí Plato ní Atlantis rì, kí ó gba ọ̀nà Ìsàrun, lẹ́bàá Àkúrẹ́, lọ sí Ihò Eléérú. Níbẹ̀ ni awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw ti hú egungun ènìyàn kan ní ọdún 1965, tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní ọdún 11,000. Kò sí ààfin, kò sí idẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí a gbẹ́ mú fún ọdẹ ṣíṣe ni ó yí i ká.