Alárinà inú Ààrò: Ìtàn Ìpáàrà Irin àti Imí-Ọjọ́

Ó lè ya ẹ̀yin olùgbọ́ mi lẹ́nu pé èmi, olùkọ́ lítíréṣọ̀, ni mo ń sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́místrì. Ọ̀rọ̀ kan ni ó fà mí wọ inú rẹ̀. Bíbélì wa pè é ní sulfuru. Àwọn lẹ́kùlẹ́jà tí ń tà á pè é ní imí-ọjọ́.

Láyé ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní Widnes àti St Helens ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ àti gíláàsì, ní ọ̀nà tí Leblanc, ará Faransé, là sílẹ̀. Bí wọ́n bá rí tọ́ọ̀nù 8 sódà, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 7 pàǹtí ni yóò bá a rìn. Galligu ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Wọ́n kó o jọ bí òkè. Bí òjò bá rọ̀ sí i, háídírójìn súlífáìdì a máa jáde, òórùn rẹ̀ bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Bí ó bá pọ̀, a máa pani. Òfin 1863 mú kí wọ́n káwọ́ èéfín ásíìdì, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan òkìtì wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ sì ni imí-ọjọ́ tí wọ́n fowó rà ni ó wà nínú wọn. Lójú tèmi, àdánù yìí dùn wọ́n ju òórùn lọ.

Ní 1883, Carl Friedrich Claus, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ kan. Ó ní kí a po gáàsì náà mọ́ afẹ́fẹ́, kí a sì mú un gba orí ìpáàrà irin gbígbóná. Ọ́ksíjìn yóò gba háídírójìn, wọn yóò di omi. Imí-ọjọ́ yóò ṣẹ́kù. Ní nǹkan bí 1887, Alexander Chance ní Oldbury fi gáàsì ilé ìsunfún fẹ́ pàǹtí náà, kí ó lè tú háídírójìn súlífáìdì sílẹ̀ fún ààrò Claus.

Kí ni kí a pe ìpáàrà yẹn? Alárinà ni mo pè é: ó so wọ́n pọ̀, kò sì bá wọn jẹ nínú ìgbéyàwó náà. Àmọ́ alárinà tiwa a máa yẹ̀ba nígbà tí ojú bá ti mojú; ti inú ààrò kò gbọdọ̀ yẹ̀ba, nítorí ìyàwó tuntun ń dé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ooru ni ìṣòro rẹ̀. Àfi kí gáàsì máa lọ jẹ́jẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ààrò á gbóná kọjá ààlà. Láàárín 1930 sí 1940 ni àwọn ará I.G. Farben ní Jámánì rí ọ̀nà àbáyọ: wọ́n sun ìdá kan nínú mẹ́ta ṣáájú, wọ́n gba ooru rẹ̀, kí ìyókù tó dé ọ̀dọ̀ alárinà. Lónìí, ọ́ksáìdì alumíníọ̀mù àti ti titéníọ̀mù ni ó gba ipò ìpáàrà, níbi tí a ti ń fọ epo àti gáàsì mọ́. Ibẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú imí-ọjọ́ ayé ti ń wá.

Ọ̀nà Leblanc ti kú. Ọ̀nà Solvay, tí kò nílò imí-ọjọ́, ni ó pa á. Galligu ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ Widnes, koríko ni wọ́n fi bò ó.