Ta ló ń jẹ RAM mi? Ìtàn ìṣirò kan, láti Ketu

Ẹ̀yin èèyàn mi, tírẹ́ẹ̀dì yìí máa gùn o. Ẹ wá ibi jókòó sí.

Ọdún tó kọjá ni mo ra fóònù kan níbí ní Ketu. Ó tó oṣù márùn-ún tí mo fi tọ́jú owó ẹ̀, torí fóònù ni ṣọ́ọ̀bù mi. Orí ẹ̀ ni mo ti ń ya fídíò, orí ẹ̀ ni mo ti ń gé e, orí ẹ̀ náà ni mo ti ń fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà. Wọ́n kọ 8GB gàdàgbà sára páálí ẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé 8GB ni lóòótọ́?" Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò rí i lára páálí ni?" Mo sanwó.

Kò pé oṣù kan tí mo gba iṣẹ́ ₦60,000 lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè. Ìgbà mẹ́rin ni áàpù tí mo fi ń gé fídíò kú mọ́ mi lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ní àsìkò tí fídíò ti fẹ́ jáde. Ìgbà tí mo fi parí ẹ̀, ìyá náà ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Mo sunkún, mi ò ní parọ́ fún yín.

History ni mo kà ní yunifásítì, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mo sì fẹ́ mọ ẹni tó jẹ RAM mi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nìyẹn, ni mo bá bá ìtàn pàdé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Mile 12. Màámi ń ta rodo àti tàtàṣé níbẹ̀. Wọ́n ní tábìlì kan níwájú, wọ́n sì ní ibì kan lẹ́yìn tí wọ́n ń kó apẹ̀rẹ̀ sí. Ohun tó wà lórí tábìlì, oníbàárà á kàn nawọ́ mú un ni. Èyí tó wà lẹ́yìn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ gbé e wá, tí tábìlì bá sì ti kún, wọ́n á kọ́kọ́ gbé nǹkan mìíì kúrò kí àyè tó wà. Tábìlì ni RAM. Ẹ̀yìn ọ̀hún ni swap.

Èrò yìí dàgbà ju bàbá mi lọ. Ní Yunifásítì Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tom Kilburn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Atlas, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kejìlá 1962. Ìrántí tó yára nínú ẹ̀ gba ọ̀rọ̀ 16,384 péré. Ìlù mágínẹ́ẹ̀tì tó ń yí bìrìbìrì lẹ́yìn gba 98,304. (Ìlù ni wọ́n ń pè é lóòótọ́, mi ò ṣeré.) Wọ́n gé ìrántí náà sí ojú-ewé ojú-ewé, ọ̀rọ̀ 512 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ náà sì ń gbé ojú-ewé lọ, ó ń gbé e bọ̀, láì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Lójú ẹni tó ń kọ ètò sínú ẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ẹ fo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Linus Torvalds, ọmọ yunifásítì ní Helsinki, gbé Linux jáde ní 1991. Ará Jámánì kan kọ̀wé sí i pé RAM 2MB péré lòun ní, pé kernel náà ò ṣe é compile lórí kọ̀ǹpútà òun. Torvalds fi àsìkò Kérésì jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí Linux 0.12 sì máa jáde ní January 1992, swap ti wà nínú ẹ̀. Mo fẹ́ràn apá yìí gan-an. Ẹni tí ẹ̀rọ ẹ̀ kéré bíi tèmi ló fà á tí swap fi wọ Linux, Linux yẹn náà ló sì wà nísàlẹ̀ gbogbo Android tó wà lọ́wọ́ wa.

Ṣùgbọ́n gbígbé ẹrù lọ sẹ́yìn kọ́ ni ibi tí wàhálà wà. Kíkà á ni.

Irinṣẹ́ kan wà lórí Linux tó ń jẹ́ top. Ó máa ń to gbogbo process, ìyẹn ètò kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, á sì kọ iye ìrántí síwájú ẹ̀. VIRT ni gbogbo àdírẹ́sì tí process náà gbà. RES ni èyí tó wà nínú RAM ní ti gidi. Ẹ rò ó bí ilẹ̀ ní Ìkòròdú: VIRT ni ohun tó wà nínú survey plan, RES ni yàrá tí ẹ ti kọ́ sórí ẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, top tún ní òpó kan tó ń jẹ́ SWAP. Ẹ mọ bó ṣe ń ṣírò ẹ̀? Ó kàn ń yọ RES kúrò nínú VIRT. Ó parí! Ó dà bíi kí n ra púlọ́ọ̀tì méjì, kí n kọ́ yàrá kan, kí ẹnì kan wá sọ pé ilé tó kù wà nínú stóò. Stóò wo? Koríko ló wà níbẹ̀! Kọ̀ǹpútà tí wọn ò fún ní swap rárá, top á ṣì kọ nọ́ḿbà ńlá sábẹ́ SWAP. Àwọn èèyàn sì ń wo nọ́ḿbà yìí, wọ́n ń fi ṣe ìpinnu.

Kì í ṣe ẹ̀bi top nìkan náà. Kernel ò ní káńtà tó ń ka swap process kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ. KAMEZAWA Hiroyuki, ará Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Fujitsu, ló fi í sí i, ó sì wọ Linux 2.6.34 ní 2010. Iṣẹ́ ẹ̀ ò le: bí ojú-ewé kan bá ti kúrò nínú RAM lọ sí swap, káńtà kan á fi ookan wálẹ̀, ìkejì á fi ookan gòkè. Ọdún kejìdínlógún lẹ́yìn tí swap dé Linux ni èyí ṣẹlẹ̀ o. Tí ẹ bá ṣí fáìlì status tó wà fún process kan lábẹ́ /proc, ìlà VmSwap ni. Nígbà tó yá, wọ́n tún top ṣe kó máa wo ibẹ̀.

Ó ku RAM fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé face-me-I-face-you rí máa tètè yé mi níbí.

Yàrá mẹ́wàá, kíṣìnì kan, balùwẹ̀ kan. Ẹ wá bi ayálégbé kọ̀ọ̀kan pé, "Kí ni gbogbo ohun tí ẹ̀ ń lò nínú ilé yìí?" Kálukú á ka yàrá ẹ̀, á tún ka odindi kíṣìnì mọ́ ọn. Ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, kíṣìnì mẹ́wàá lẹ máa rí nínú ilé tó ní ẹyọ kan. Ìṣirò yẹn gan-an ni RSS, tó jẹ́ nọ́ḿbà kan náà pẹ̀lú RES. Lórí Android ó tún burú sí i, torí ara process kan tó ń jẹ́ Zygote ni àwọn áàpù ti ń yà, wọ́n sì jọ ń lo ojú-ewé rẹpẹtẹ. Ẹ ro RSS gbogbo wọn pọ̀, ó lè ju RAM tó wà nínú fóònù lọ.

Ní 2005, Linux 2.6.14 gbé fáìlì smaps wá, tó ń tú ẹrù process kan sílẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ. Ní 2008, Linux 2.6.25 fi PSS sínú ẹ̀. Matt Mackall wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, òun náà ló ṣe irinṣẹ́ smem tó ń lo PSS, ní 2009. Bí a ṣe ń pín bíìlì LAWMA nílé wa ni PSS ṣe ń ṣe. Tí process márùn-ún bá jọ ń lo 10MB, 2MB ni wọ́n máa kọ sí ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí tèmi bá tún ní 30MB tó dá lò, PSS mi jẹ́ 32MB. Ẹ ro gbogbo PSS pọ̀, kò sí kíṣìnì tí ẹ máa kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní àléébù tiẹ̀ o, àwọn ayálégbé á sì mọ̀ ọ́n: tí mẹ́rin bá kó jáde, gbogbo bíìlì á wó lé ẹni tó kù lórí. Ẹ kàn máa rí i tí PSS áàpù kan fò sókè láìjẹ́ pé ó ṣe nǹkan kan.

Ẹrù àjọlò tó ti lọ sí swap ńkọ́? Ìyẹn ò rí ìpín tiẹ̀ gbà títí di 2015, nígbà tí SwapPss wọ Linux 4.3. Lẹ́yìn náà, ní 2017, Linux 4.14 mú smaps_rollup wá, torí pé kíka smaps lápá-lápá ń pẹ́, ohun tí Android sì ń wá kò ju àròpọ̀ ẹ̀ lọ.

Láàárín gbogbo ìyẹn, fóònù ti dé ọwọ́ wa. Android 4.4 jáde ní 2013, wọ́n sì tún un ṣe kó lè ṣiṣẹ́ lórí RAM 512MB. Ara ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni zram, iṣẹ́ tí Nitin Gupta bẹ̀rẹ̀. Kì í gbé ojú-ewé lọ sẹ́yìn. Ó ń fún un pọ̀ ni, ó sì ń fi í pamọ́ sínú RAM náà, bí ẹni ń tẹ aṣọ mọ́nú Ghana-must-go. Ní oṣù Kẹjọ 2015, Google gbé Android One wá sí Nàìjíríà pẹ̀lú Infinix Hot 2. ₦17,500 ni, RAM ẹ̀ sì jẹ́ 1GB. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè iye tó jẹ́ lónìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí fóònù tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi yìí so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù ẹ̀, ó tẹ adb shell dumpsys meminfo. Àṣẹ yẹn máa ń to áàpù gẹ́gẹ́ bí PSS wọn, á sì kọ àròpọ̀ sísàlẹ̀. Mo wo ìlà Total RAM. Kò pé 4GB. Lábẹ́ ẹ̀, ZRAM ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Nígbà tí mo wá ṣí Settings, mo rí i níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tíńtín: 4GB + 4GB. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni RAM. Mẹ́rin kejì, ara ibi ìpamọ́ fóònù ni wọ́n ti bù ú, wọ́n fi ṣe swap. Áàpù mi ò kàn kú, wọ́n pa á ni. Nígbà tí RAM bá há, Android máa ń wá process tó lè pa kí fóònù má bàa dúró, tèmi tó ń jẹun jù ló sì fojú rí i.

Mi ò bá swap jà o. Ẹ ti gbọ́ ìtàn ẹ̀, ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Ẹni tó ro tábìlì pọ̀ mọ́ stóò, tó wá kọ "tábìlì méjì" sára páálí, òun ni mò ń bá jà.

Mo padà lọ bá bọ̀ọ̀dá tó tà á fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, mẹ́rin àti mẹ́rin, ṣé kì í ṣe mẹ́jọ ni?" Kò dá owó padà, fóònù náà ni mo sì fi ń kọ èyí. Mo máa ń pa gbogbo áàpù tó kù kí fídíò tó jáde. Ìyá aláṣọ òkè ò tíì pè mí padà.

Àbúrò mi fẹ́ ra tiẹ̀ ní Kérésì, a jọ ń lọ ni. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣí Settings yín báyìí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ RAM sí, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí tí ẹ bá rí + níbẹ̀.