Ọkọ̀ Ojú Irin àti Iṣẹ́ Àtúnṣe Ẹ̀rọ



Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí ó di 1907, ó ti gba ilẹ̀ Ìwó kọjá dé Òṣogbo. Ọkọ̀ náà kò lè rìn bí kò bá sí ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Nítorí náà ni a ṣe dá ilé-iṣẹ́ ńlá Rélùwéè sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń kọ́ bí a ti ń rọ irin àti bí a ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ilé-iṣẹ́ Rélùwéè yìí ni Michael Imoudu, aṣáájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ 1945, ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Ní 1947, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ka iṣẹ́ akọ̀wé sí ju iṣẹ́ tí ń fi epo kun ọwọ́ lọ. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ tí kò mọ àtúnṣe rẹ̀, ẹrú alátùn-únṣe ni. Ẹ jẹ́ kí á rán àwọn ọmọ wa lọ kọ́ ọ. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.