Àwọn Aláìníwèé ní Ìlú Paris ní Ọdún 1996

Kì í ṣe ọ̀nà ẹ̀bùrú ni gbogbo wọn gbà wọ Faransé. Òfin Pasqua ti ọdún 1993 ni ó sọ ọ̀pọ̀ ará Mali àti Senegal di aláìníwèé ìgbélùú. Nígbà náà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, òfin kò gbà kí a lé e lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò fún un ní ìwé tí yóò fi ṣiṣẹ́. Kí ni kí ó wá jẹ?

Ní oṣù Kẹta, ọdún 1996, nǹkan bí 300 ènìyàn, tọmọdé tàgbà, wọ ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Ambroise. Wọ́n lé wọn. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n wọ Saint-Bernard. Ọkùnrin mẹ́wàá kọ oúnjẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 23 oṣù Kẹjọ, ọlọ́pàá fi àáké fọ́ ilẹ̀kùn.

Lójú tiwa, orúkọ ni kókó ìjà náà. Wọ́n kọ̀ kí a pè wọ́n ní afarapamọ́; sans-papiers, aláìníwèé, ni wọ́n pe ara wọn. Madjiguène Cissé, ọmọbìnrin Senegal, sì gbẹnu sọ fún wọn ní gbangba.