Aṣọ Ayálégbé: Kọ́tìnì, Òtútù àti Ìtàn Ìmóoru Ilé ní Ìlú Ọba

Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹnu ọ̀nà yàrá ni àyè kọ́tìnì. A ó ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, a ó sì ta aṣọ sí i kí ojú àlejò má baà wọ ìyẹ̀wù. Aṣọ náà ń bo àṣírí láì dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ọ̀rọ̀ méjì tí Bíbélì Yorùbá ń lò, aṣọ títa àti aṣọ ìkélé, tọ́ka sí aṣọ tí a fi ń pín àyè tàbí tí a fi ń gbé ohun kan pamọ́ fún ojú. Kò sí ọ̀rọ̀ òtútù nínú ọ̀kankan.

Ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ mìíràn ni irú aṣọ yìí ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́: dídí afẹ́fẹ́ tútù lọ́nà, kí ooru inú ilé má baà sá lọ. Síbẹ̀, bí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ ìmóoru ilé, èédú, gáàsì àti ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́. Aṣọ a máa bọ́ sínú orí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé kọ́tìnì jẹ́ ohun èlò ìmóoru gan-an, àti pé ìtàn rẹ̀ ń jẹ́ kí a rí ohun tí ìtàn ẹ̀rọ kì í fi hàn, ìyẹn ni ipò ẹni tí kò ní àṣẹ lórí ilé tó ń gbé.

Ibùsùn tó jẹ́ yàrá

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó ṣòro láti mú yàrá ńlá kan móoru tán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iná a máa jó níbi ìyáná, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀ ń bá èéfín gba ihò òkè jáde. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn, iwájú rẹ̀ á gbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ á tutù. Nítorí náà, dípò kí àwọn tó rí owó ná máa lépa bí gbogbo yàrá yóò ṣe móoru, wọ́n kọ́ yàrá kékeré sínú yàrá ńlá: ibùsùn olópòó mẹ́rin, tó ní òrùlé tirẹ̀, tí a ta aṣọ tó nípọn yí ká. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a fa aṣọ náà pọ̀, ooru ara àwọn tó sùn síbẹ̀ a sì wà pẹ̀lú wọn. Bẹ́ẹ̀dì Ńlá ti Ware, tí wọ́n kàn ní nǹkan bí ọdún 1590, tó sì wà ní Victoria and Albert Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, fẹ̀ ju mítà 3 lọ. Àgọ́ ni kí ènìyàn pè é.

Ìlànà tó wà nídìí rẹ̀ kò le. Afẹ́fẹ́ tí kò rìn kì í tètè gbé ooru lọ. Aṣọ tí a ta ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ ojú kan, kò sì jẹ́ kí ti ìta fẹ́ gba ara ènìyàn kọjá. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń ta aṣọ aláràbarà tí a fi irun àgùntàn hun sí ara ògiri òkúta. Hardwick Hall ní Derbyshire, tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1590, lókìkí nítorí bí fèrèsé onígíláàsì rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Aṣọ ògiri mẹ́tàlá tó sọ ìtàn Gídíónì ló wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn rẹ̀. Ilé tí gíláàsì pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe aláìnílò aṣọ.

Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Nínú ìwé ìhágún William Shakespeare ní ọdún 1616, ibùsùn rẹ̀ tó ṣìkejì sí èyí tó dára jù ni ó fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá a rìn. Ní èdè ìgbà náà, ohun tó ń bá ibùsùn rìn ni aṣọ títa àti ohun ìbora rẹ̀. Àwọn tálákà kò ní irú ogún bẹ́ẹ̀. William Harrison, tó kọ̀wé nípa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1577, gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé orí koríko gbígbẹ ni wọ́n máa ń sùn nígbà èwe wọn, tí igi gbọọrọ sì jẹ́ ìrọ̀rí wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìmóoru ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní.

Èédú àti fèrèsé ńlá

Nígbà tí ilẹ̀ Bìrìtéènì di ilẹ̀ èédú, ènìyàn lè rò pé iṣẹ́ aṣọ ti parí. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Iná èédú tó ń jó níbi ìyáná ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá gba ihò èéfín lọ sókè, afẹ́fẹ́ mìíràn sì gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Abẹ́ ìlẹ̀kùn àti àlàfo fèrèsé ló ń gbà wọlé, tòun ti òtútù ìta. Bí iná bá ṣe ń jó tó ni afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé tó.

Òfin pẹ̀lú dá sí i. Wọ́n fagi lé owó orí gíláàsì ní ọdún 1845, wọ́n sì fagi lé owó orí fèrèsé, tó ti wà láti ọdún 1696, ní ọdún 1851. Fèrèsé ńlá wá rọrùn láti ní, ìmọ́lẹ̀ wọlé, ooru sì ń jáde. Kọ́tìnì tó nípọn, tó gùn dé ilẹ̀, tí àwọn ìdílé ìgbà Ọbabìnrin Victoria fẹ́ràn, àti èyí tí wọ́n ń ta sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, kì í ṣe àṣejù lásán. Àmọ́ àwọn Yorùbá sọ pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹwà aṣọ náà ṣe gba ojú àwọn òǹwòran, tí wọ́n fi gbàgbé iṣẹ́ tó ń ṣe.

Aṣọ dúdú, ọdún 1939 sí 1947

Ogun Àgbáyé Kejì sọ kọ́tìnì di ọ̀ràn òfin. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ di ojú fèrèsé pa lálẹ́ kí awakọ̀ òfuurufú ọ̀tá má baà rí ìmọ́lẹ̀. Aṣọ dúdú tó nípọn wọ ilé olówó àti ilé tálákà bákan náà. Ìmọ́lẹ̀ ni òfin náà ń lé, kì í ṣe òtútù. Ṣùgbọ́n aṣọ tí kò jẹ́ kí ìtànṣán jáde kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé fàlàlà. Òfin ogun tipa bẹ́ẹ̀ pín fún ọ̀pọ̀ ìdílé ohun tí owó wọn kò ká tẹ́lẹ̀.

Ogun parí, òtútù kò parí. Láti ọjọ́ 22 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1947, kò sí ọjọ́ kan tí òjò dídì kò rọ̀ sí apá kan Bìrìtéènì. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún náà gan-an ni ìjọba gba àwọn ibi ìwakùsà èédú sábẹ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú irin dí, èédú kò sì dé ibi tó yẹ. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn agbègbè mìíràn, wọ́n ka lílo iná mànàmáná nínú ilé léèwọ̀ fún wákàtí márùn-ún lóòjọ́. Nígbà tí èédú wọ́n, tí iná mànàmáná sì lọ, kúbùsù àti kọ́tìnì kò lọ.

Yàrá ìyágbé

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan àwọn Yorùbá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ti ń wá sí Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú ogun, yàrá rírí sì nira fún wọn nítorí àwọ̀ ara wọn. Èyí wà lára ohun tó mú kí Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1925, ṣí ilé ìgbé kan ní Camden Road ní ọdún 1933. Lẹ́yìn ogun, iye àwọn tó ń bọ̀ ju ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ lè gbà lọ. Òfin ọdún 1965 tó kọ́kọ́ lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà kò kan ọ̀rọ̀ ilé; ó di ọdún 1968 kí òfin tó ka fífi àwọ̀ du ènìyàn nílé léèwọ̀. Yàrá tí a kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́jú ló sábà máa ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́: fèrèsé onípákó tí à ń gbé sókè gbé wálẹ̀, tí àlàfo yí i ká, àti iná gáàsì tí kì í jó àfi bí a bá sọ owó ṣílè sínú mítà. Àwọn onílé kan ń gbé iye orí mítà náà ga ju ohun tí ilé iṣẹ́ gáàsì ń gbà lọ.

Lóòótọ́, ìjọba ti ń ronú nípa ìmóoru. Ìròyìn Parker Morris ti ọdún 1961 dámọ̀ràn pé kí ilé tuntun lè móoru dé ìwọ̀n 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius nínú pálọ̀, bí ìta tilẹ̀ wà ní ìwọ̀n kan sísàlẹ̀ òdo. Ilé tuntun ni ìmọ̀ràn náà wà fún. Kò kan yàrá àtijọ́ tí à ń yá gbé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òtútù ńlá dé. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1962 ni òjò dídì ti bo ilẹ̀, títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Ìpíndọ́gba oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1963 ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìwọ̀n 2.1 sísàlẹ̀ òdo. Ìgbà òtútù tó burú tó bẹ́ẹ̀ kò tí ì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1740.

Kí ni ayálégbé lè ṣe? Kò lè pààrọ̀ fèrèsé, kò lè fọ́ ògiri, kò sì ní àṣẹ lórí mítà. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ kò ju ohun tó lè gbé wọlé, tó sì lè gbé jáde lọ́jọ́ tí onílé bá ní kó kó lọ. Sítóòfù kẹrosíìnì jẹ́ ọ̀kan. Aṣọ jẹ́ èkejì. Méjèèjì kì í sì í bára wọn gbé dáadáa: sítóòfù tó ṣubú, tàbí tó sún mọ́ kọ́tìnì jù, ti fa iná ní ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tó ń wá ìmóoru pẹ̀lú owó kékeré ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Ẹni tó bá ti ilé tí kọ́tìnì ti ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé wá ní láti kọ́ ìlò rẹ̀ ní àkọ̀tun. Nílé, ìgbà ọyẹ́ nìkan ni wọ́n ń ronú àtisé fèrèsé. Níbí, bí oòrùn bá ti wọ̀ ni aṣọ gbọ́dọ̀ padé.

Ohun tí aṣọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ìwádìí òde òní ti fi òǹkà sí ọ̀rọ̀ náà. Ìdánwò tí Historic Scotland gbé jáde ní ọdún 2008 lórí fèrèsé àtijọ́ onígíláàsì kan fi hàn pé kọ́tìnì tó nípọn dín ooru tó ń gba ara gíláàsì jáde kù ní ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ìlẹ̀kùn pákó fèrèsé dín in kù ní ìdá 51. Aṣọ ṣe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe idán.

Ọ̀nà tí a gbà ta á ṣe pàtàkì. Bí aṣọ bá bo ẹ̀rọ amúlégbóná tó wà lábẹ́ fèrèsé, ẹ̀yìn aṣọ, lójú gíláàsì, ni ooru yóò gbà lọ. Bí òkè rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò wọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè, yóò tutù lára gíláàsì, yóò sì tú jáde nísàlẹ̀. Bí a kò bá sì ṣí i ní òwúrọ̀, oòrùn kò ní wọlé, omi tó sẹ̀ sára gíláàsì kò ní gbẹ, èébu yóò sì hù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tí ì di ìtàn àtijọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, òté ìjọba lórí owó gáàsì àti iná mànàmáná ìdílé tí ìlò rẹ̀ wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì jẹ́ £1,277 lọ́dún. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ó ti di £2,500, pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba nínú rẹ̀. Mítà àsansílẹ̀ gba ipò mítà ṣílè, ayálégbé sì ṣì wà láìní àṣẹ àtipààrọ̀ fèrèsé.

Ìparí

Bí a bá fi ẹ̀rọ nìkan sọ ìtàn ìmóoru ilé, yóò dà bí ìrìn àjò tó ń lọ síwájú láìdúró: igi, èédú, gáàsì, ẹ̀rọ. Aṣọ sọ ìtàn mìíràn. Ó fi hàn pé àwọn ènìyàn kan wà tí ìrìn àjò náà ń gba iwájú ilé wọn kọjá láì yà. Ohun tí ọlọ́rọ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún fi ṣe ọlá di ohun tí ayálégbé ọ̀rúndún ogún fi ṣe àbò. Kì í ṣe pé aṣọ náà lágbára ju ẹ̀rọ lọ. Òun ni ohun tí ẹni tí kò ní ilé lè ní. Ìdá 14 tó ń gbà là kò pọ̀, ìyókù sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni fèrèsé.